Ilé Tí Bàbá Àgbà Kọ́ sí Aké

Ilẹ̀ pálọ̀ ilé wa ní Aké máa ń tutù, àní nínú ọ̀gbẹlẹ̀ pàápàá. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo máa ń dùbúlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì náà lọ́sàn-án, kí n máa wo àjà pákó, kí n máa gbọ́ bí páànù ṣe ń dún lábẹ́ oòrùn. Bàbá tó bí bàbá mi, tó jẹ́ tíṣà ìjọ, ló kọ́ ilé náà láàárín ogun àgbáyé méjèèjì. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní ó sọ pé ẹni tí iṣẹ́ ìjọ bá ti gbé kiri tó òun, ilẹ̀ ló yẹ kó sinmi sí. Ògiri amọ̀ ni, ó nípọn débi pé ọmọdé lè jókòó sójú fèrèsé. Òpó róbótó ló gbé fàráńdà dúró, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan sì la ilé já dé ẹ̀yìnkùlé. Mo máa ń fọ́nnu níléèwé pé kò sí ilé tó tó tiwa ní gbogbo ilẹ̀ Ẹ̀gbá, èmi tí n kò tíì dé Láfẹ́nwá rí.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí a ń pè ní Ìyá Àgbà, ló gbẹ̀yìn síbẹ̀. Lọ́jọ́ kan tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, òjò wó ògiri yàrá tó kangun sí tirẹ̀. Ẹbí pàdé, wọ́n ní kí a wó gbogbo rẹ̀. Àbúrò bàbá mi ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Èmi ni wọ́n ní kí n lọ sọ fún Ìyá Àgbà, kí n sì mú un wá sílé mi ní Èkó.

Mo rò pé yóò sunkún. Ó kàn béèrè bóyá ẹnu wa ti kò. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ló bá mú ìgbálẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti yàrá.

“Mà, ọ̀la ni wọ́n máa wó o.”

“Mo mọ̀. Ṣé kí wọ́n wá bá a nínú ìdọ̀tí ni?”

Ó gbá a dé fàráńdà, ó fọwọ́, a sì lọ.

Ní ọjọ́ kejì, mo padà sí Aké, katakata sì dé. Iwájú ilé yára wó ju bí mo ti rò lọ. Mo ń dúró de omijé, kò wá. Àbúrò bàbá mi béèrè bó ṣe rí lára mi, mo ní oòrùn mú. Mo gba Kútò lọ wọkọ̀ Èkó, mo sì sùn títí a fi dé.

Ìyá Àgbà gbé lọ́dọ̀ wa títí ó fi kú. Kò béèrè ilé náà rí.

Ṣọ́ọ̀bù ló wà níbẹ̀ báyìí. Láìpẹ́ yìí, mo lọ ra wáyà fóònù ní ọ̀kan nínú wọn. Ọmọbìnrin tó ń tajà kí mi dáadáa, ó béèrè bóyá àdúgbò yẹn ni mo ń gbé. Mo ní rárá, mo kàn ń kọjá ni. Àwọn àgbà ní ojú àpá kò lè jọ ojú ara. Mo ti wá ojú àpá náà lára mi títí, n kò tíì rí i.