Ọjọ́ Tí Àlàájà Jókòó Lé Ẹja

Nígbà tí wọ́n ṣì ń tún ọ̀nà márosẹ̀ tó gba Mówè kọjá ṣe, òjò kan rọ̀ tí omi fi wọ ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ta ẹja yìnyín. Mo ki irin bọ gọ́tà, mo fa ohun tó dí i jáde: àpótí fóòmù funfun, irú èyí tí wọ́n fi ń kó ẹja fún wa láti ilé yìnyín ní Ìbafò. Ìdérí ṣì wà lórí rẹ̀. Mo ṣí i. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, yìnyín tó tó ìkúùkù mi ṣì wà nínú rẹ̀!

Orí mi wú. Mo fọ́ àpótí náà wò. Kóró wẹ́wẹ́ ni gbogbo rẹ̀, afẹ́fẹ́ ló sì kún inú wọn. Afẹ́fẹ́ tó há, tí kò ríbi lọ, ni kì í jẹ́ kí ooru wọlé. Ohun àrà ni fóòmù. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí a fi ń lo ohun tí kì í jẹrà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí a sì ń sọ ọ́ sí gọ́tà? Ṣé kò sí nǹkan mìíràn tó lè há afẹ́fẹ́ mọ́ra ni?

Háhá àgbàdo, tí wọ́n ń sun dànù ní Ìfọ̀, ni ọkàn mi lọ sí. Mo sá a gbẹ títí ó fi ń dún wàràwàrà, mo kì í sínú àpò ìrẹsì, mo tò ó yí inú àpótí pákó ká, mo sì fi ọ̀rá bò ó kí omi má baà kàn án.

Àlàájà Ṣìfáwù, alága ẹgbẹ́ àwa elẹ́ja láti Mówè títí dé Ìfọ̀, kó wa lọ bá mánéjà ilé yìnyín. A ní kó máa gba fóòmù rẹ̀ padà, kó sì jẹ́ ká máa fi àpótí tiwa gbé ẹja. Ó wo háhá náà, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin ìyá mi, ṣé ẹja lẹ fẹ́ gbé ni, àbí àgbàdo lẹ fẹ́ sè?"

Bí a ṣe dá ọjà rírà dúró nìyẹn. A to ara wa sẹ́nu géètì rẹ̀, a gbé fóòmù inú gọ́tà kọ́rùn, a fi èédú kọ "WÁ GBA ẸRÙ RẸ" sí i lára. Nígbà tí ẹja rẹ̀ kò tà mọ́, ó jáde wá.

"Ó dáa. Bí ẹja yín bá dé Ìfọ̀ láìyọ́, mo gbà. Bó bá yọ́, ẹ padà sídìí fóòmù."

Kí a tó pe mánéjà sí i, a kọ́kọ́ dán an wò láàárín ara wa. Ẹja náà rọ̀ kó tó dé Ìfọ̀, níbi tí mo ti ń dúró dè é. Ó dùn mí wọra, àfi ìgbà tí mo béèrè lọ́wọ́ awakọ̀. Ìyá kan ti ṣí ìdérí ní Ìbafò láti gbàdúrà sí i. Ní Mówè, gbogbo ẹgbẹ́ ló ń ṣí i yẹ̀ wò, tí wọ́n ń fọwọ́ kan ẹja, tí wọ́n ń kí ara wọn kú oríire. Ìfẹ́ ló yọ́ ẹja wa.

Lọ́jọ́ ìdánwò gan-an, Àlàájà wọ inú ọkọ̀, ó sì jókòó lé ìdérí àpótí.

"Àlàájà, ẹ dìde díẹ̀ ká wò ó," ni àwọn ará Mówè ń bẹ̀ ẹ́.

"Ojú mi ni kẹ́ ẹ wò. Kò yàtọ̀ sí tẹja."

Awakọ̀ rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ìdí yín ò tutù?"

"Bó bá tutù, a jẹ́ pé òtútù ń jáde nìyẹn. Ó gbóná dáadáa. Wakọ̀ rẹ!"

Ní Ìfọ̀, mánéjà fúnra rẹ̀ ló ṣí i. Ó mú ẹja kan, ó gbá a mọ́ pákó: kọ́, kọ́, kọ́. Ó tún gbá a lẹ́ẹ̀kan sí i, bóyá etí ló ń tàn án.

"Ẹ máa fi àpótí yín gbé e," ló wí.

"Àti fóòmù rẹ ńkọ́?" ni Àlàájà bi í.

"N ó máa gbà á padà, ṣùgbọ́n ẹ fọ̀ ọ́ o!"

A kò tíì ṣẹ́gun tán. Àpótí pákó wúwo, àwọn kan nínú ẹgbẹ́ sì ti padà sí fóòmù. Àwọn oníyọ́gọ́ọ̀tì ṣì ń sọ fóòmù tiwọn nù, gọ́tà wa kò sì tíì mọ́ tó bó ṣe yẹ. Ìyẹn kù fún ẹ̀yin ọ̀dọ́. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Ní tèmi, mi ò tíì yé dán an wò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fi háhá kún ìdérí àpótí tuntun, mo kó yìnyín sínú rẹ̀, mo sì ní kí Àlàájà wá jókòó lé e títí ọjà fi tú. Nígbà tí a ṣí i lọ́jọ́ kejì, yìnyín tó tó ìkúùkù mi ṣì wà níbẹ̀. Wákàtí mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ẹnikẹ́ni kò sì ṣí i wò.