Ìjà Ààlà Mòǹgólíà ní Olódì-Àpápá

Ní àárọ̀ Sátidé tó kọjá, ọkùnrin kan àti obìnrin kan fẹ́rẹ̀ẹ́ fìjà pẹẹ́ta ní Olódì-Àpápá nítorí ilẹ̀ Mòǹgólíà. Táyà ọkọ̀ àjàgbé ni ọkùnrin náà ń tà. Tapólì tí wọ́n fi ń bo ẹrù ni obìnrin náà ń rán. Ọ̀nà tó jìn jù tí èyíkéyìí nínú wọn rìn rí kò kọjá Kútọnu.

Múfútáù ni orúkọ ọkùnrin náà, Brọ̀dá Múfú ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Rìsíkátù ni obìnrin náà. Gbọ̀ngán Alhaja Músílímátù ni ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń wo bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́, tí àwọn àgbà sì ti ń wo fíìmù oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè láàárọ̀ Sátidé. Mo wà níbẹ̀. Ohun tí mo fojú rí àti ohun tí wọ́n fẹnu ara wọn sọ fún mi ni mo kọ sílẹ̀ yìí.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, lẹ́yìn ìrun àsùbá, ni mo kúrò ní Ìwó. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé Ajégúnlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Olódì-Àpápá níbẹ̀, ló ta mí lólobó. Ó ní wọ́n ti pín gbogbo ayé tán ní gbọ̀ngán náà, bí ẹni pín ilẹ̀ oko. Mo kọ́kọ́ rò pé àwàdà ló ń ṣe, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí n gbádùn mọ́. Ẹ̀yin ará ilé mọ ìdí rẹ̀. Àwa náà bẹ̀rẹ̀ ìpàdé wíwo fíìmù báyìí ní Ìwó, ní pálọ̀ Tíṣà Gàníyù, kò sì pẹ́ tó fi túká. Àwọn kan ní fíìmù Íńdíà nìkan ni àwọn fẹ́. Àwọn kan ní èyí tí kò bá ti sí ìjà nínú rẹ̀, kí wọ́n má tan ẹ̀rọ. Kí wá ni àwọn ará Ajégúnlẹ̀ fi sọ́bẹ̀ tiwọn tó fi dùn?

Ẹgbẹ̀rún méje náírà ni owó ọkọ̀ dé Èkó. Ọ̀nà dán láti Ìbàdàn wọ Èkó, ó dán débi tí ìyá tó jókòó tì mí fi sùn lé mi léjìká. Láti Mile 2 síwájú, àwọn ọkọ̀ àjàgbé ló ni títì. Wọ́n tò bí ìgànná, kóńténà lórí wọn, àwọn awakọ̀ mìíràn sì na ara wọn sábẹ́ ọkọ̀ lórí ẹní. Kẹ̀kẹ́ ni mo wọ̀ dé Boundary. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà á ní, "Bàbá, ẹ fa ẹsẹ̀ yín wọlé. Àwọn tírélà wọ̀nyí kì í rí wa." Nígbà tí mo sọ ibi tí mò ń lọ fún un, ó rẹ́rìn-ín. "Ọ̀dọ̀ Alhaja tí wọ́n ti ń pín ayé? Àbúrò màmá mi ni Baálẹ̀ Bùràsíìlì. Bàbá náà ò tíì dé Ìkòròdú rí o."

Ìlara ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí lára kí n tó sọ̀kalẹ̀.

Gbọ̀ngán náà kì í ṣe ohun tí èèyàn ń ya fọ́tò rẹ̀. Páànù ni wọ́n fi ṣe ògiri àti òrùlé, bẹ́ǹṣì onípákó kún inú rẹ̀, aṣọ funfun kan sì wà lára ògiri tí wọ́n ń ju àwòrán sí. Ẹ̀wà agọ̀yìn àti búrẹ́dì wà lẹ́nu ọ̀nà, ata rẹ̀ dúdú, ó sì ń ta sánsán. Alhaja Músílímátù tó ni ibẹ̀ jókòó sórí àga rẹ̀, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Òun ló ṣàlàyé òfin fún mi.

Ẹni tó bá kọ́kọ́ mú fíìmù wá láti orílẹ̀-èdè kan, tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ funfun náà, tó sọ ìtàn rẹ̀ ní Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí àwọn èèyàn sì pàtẹ́wọ́ fún un, òun ni baálẹ̀ orílẹ̀-èdè náà. Ìjókòó iwájú ni tirẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń wo ilẹ̀ rẹ̀. Ẹlòmíràn tó bá fẹ́ mú fíìmù wá láti ibẹ̀ gbọ́dọ̀ tọrọ àyè, kó sì san ìṣákọ́lẹ̀, ìyẹn ìgò míńírà kan. Nílé, iṣu àti epo ni àlejò ń gbé fún onílẹ̀ lẹ́yìn ìkórè. Ọ̀pọ̀ àwọn tó wà nínú gbọ̀ngán yìí kò kọ ebè kan ṣoṣo rí láyé wọn. Àwọn bàbá wọn ló kó òfin ilẹ̀ wá sí Èkó nígbà tí wọn kò lè kó ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀ wá.

Mo fọgbọ́n yọ fíìmù tí èmi náà mú dání, ti orílẹ̀-èdè Pẹ̀rú. Ọkùnrin kan lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn rí mi. "Ọ̀gá oníròyìn, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu," ó ní. "Wọ́n ti gbé Pẹ̀rú níyàwó."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n inú mi kò dùn.

Ẹ̀gbẹ́ Rìsíkátù ni mo jókòó sí. Obìnrin tó lé lógójì ọdún ni, ọwọ́ rẹ̀ le nítorí abẹ́rẹ́ ńlá tó fi ń ránṣọ. Ó sọ fún mi pé nínú gbogbo àwọn tó ń wá síbẹ̀ déédéé, òun nìkan ni kò nílẹ̀. "Gbogbo èyí tí mo bá mú wá, wọ́n á ní ó ti ní onílẹ̀," ó ní. "Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Ilé tí a ti háyà, tí wọ́n ti ní ká jáde, mi ò lè kà á fún yín. Ṣé nínú fíìmù pàápàá ni mi ò ti ní í nílẹ̀ ni?" Atukọ̀ ojú omi kan tó wá ra tapólì ní Warehouse Road ló fún un ní fíìmù Mòǹgólíà. Ó ti wò ó nílé léraléra. Ó ti wọ aṣọ àńkárá tuntun wá.

Kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ ni Brọ̀dá Múfú dìde. Èèyàn fìrìgbọ̀n ni, fìlà rẹ̀ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Òun ni Baálẹ̀ Ṣáínà, òun náà ni Baálẹ̀ Rọ́ṣíà.

"Alhaja, mo kí yín," ó ní. "Ẹ bá mi bi Rìsí léèrè. Ṣáínà wà níbí, tèmi ni. Rọ́ṣíà wà lọ́hùn-ún, tèmi ni. Mòǹgólíà ló wà láàrin. Ilẹ̀ tó wà láàrin oko mi méjì, ta ló ni ín?"

"Brọ̀dá Múfú, you too like land," ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn.

"Ẹ̀yìnkùlé mi ni. Mi ò tíì ráyè ro ó ni."

Rìsíkátù ti dìde. "Ẹ ò ráyè ro ó láti ọjọ́ yìí? Ẹ fẹ́ràn àtijẹ, ẹ ò fẹ́ràn àtiro."

"Èmi lò ń bá sọ bẹ́ẹ̀, Rìsí?"

"Ẹ̀yin náà ni, sà. Ẹ má bínú."

Ó ti di sísún mọ́ ara ẹni. Ọkùnrin méjì bọ́ sí àárín wọn. Alhaja kò gbé ohùn sókè. Ó ní, "A kì í dájọ́ ilẹ̀ nínú pálọ̀. Wọ́n máa ń lọ sóko lọ wò ó ni. Ẹ jókòó, ká lọ wo oko."

Bí a ṣe lọ sí Mòǹgólíà nìyẹn. Rìsíkátù dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ funfun, ó ń sọ ọ́ fún wa. Koríko ni ilẹ̀ náà láti ìhín dé ibi tí ojú mọ, kò sí igi, kò sí ọgbà. Ilé wọn rí roboto, aṣọ funfun tó nípọn tí wọ́n fi irun àgùntàn ṣe ni wọ́n dà bò ó. Gẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Àlejò kì í kan ilẹ̀kùn níbẹ̀, ó kàn ń wọlé ni, wọ́n á sì fún un ní tíì. Iyọ̀ ni wọ́n ń fi sínú tíì náà.

"Iyọ̀ kẹ̀?" ni ìyá kan bèèrè.

"Iyọ̀ àti wàrà, Màmá."

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká ṣàìsàn lọ́hùn-ún."

Ìtàn ìyá àgbà kan ni. Òtútù ń bọ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ ṣí lọ síbi tí koríko wà, ó ní òun kò lọ, nítorí ibẹ̀ ni ọkọ òun kú sí. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí. Nígbà tó gbà, òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ tú okùn ilé. Wọ́n ká a, wọ́n dì í lé ẹran lẹ́yìn, wọ́n lọ. Àmì roboto kan ló ṣẹ́ kù lórí koríko níbi tí ilé wà. Òjò rọ̀ sí i, koríko hù, àmì náà parẹ́. Lẹ́yìn náà ni ìdílé mìíràn dé, wọ́n sì pàgọ́ síbẹ̀ gan-an. Ohùn Rìsíkátù yí padà nígbà tó débẹ̀. Fèrè ọkọ̀ àjàgbé kan dún láti títì. Àtẹ́wọ́ tó tẹ̀lé e pẹ́.

Brọ̀dá Múfú kò pàtẹ́wọ́. "Mo rí pèrègún mi," ó ní. Pèrègún, bí gbogbo wa ṣe mọ̀, ni igi tí a ń gbìn sí ààlà. "Ẹ rí ohun tí wọ́n kọ sára ilé ìwé tó yọ lójú ọ̀nà nínú fíìmù yẹn? Lẹ́tà Rọ́ṣíà ni. Mo mọ lẹ́tà ilẹ̀ mi."

"Lẹ́tà Òyìnbó la fi ń kọ Yorùbá," Rìsíkátù dá a lóhùn. "Ṣé Òyìnbó ló ni Ìwó tí oníròyìn yìí ti wá?" Wọ́n hó. Ó ń bá a lọ, "Ẹ tún ní ẹ̀yìnkùlé yín ni. Ilé tó dúró ló ní ẹ̀yìnkùlé, Brọ̀dá Múfú. Ojú yín náà ló ṣe bí wọ́n ṣe ká ilé wọn, tí ẹlòmíràn wá pàgọ́ síbẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò jà. Kò sẹ́ni tó nilẹ̀ níbẹ̀!"

Alhaja dá tẹ̀sùbáà dúró. "Rìsí, ṣé o gbọ́ ohun tó o sọ?"

"Mo gbọ́, Màmá."

"Tí kò bá sẹ́ni tó nilẹ̀ níbẹ̀, baálẹ̀ kí lo fẹ́ jẹ?"

Brọ̀dá Múfú bú sẹ́rìn-ín. Mo wo ojú Rìsíkátù. Ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ jàre, ó sì ti fi ẹnu kan náà da ilẹ̀ náà nù. Ó wo aṣọ funfun tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀ mọ́. Ó ní, "Màmá, kò sẹ́ni tó nilẹ̀ náà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹnì kan gbọ́dọ̀ ru àgọ́ náà. Ẹrù kíkó kúrò nílé, mo mọ̀ ọ́n."

Alhaja àti àwọn àgbà mẹ́ta bọ́ síta lọ gbìmọ̀. Nígbà tí wọ́n padà, wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ọjọ́ kan, àwọn yóò ránṣẹ́. Mo bá Brọ̀dá Múfú lẹ́nu ọ̀nà, mo bi í bóyá owú ló ń jẹ. Ó fi búrẹ́dì ti ẹ̀wà sẹ́nu ná. "Mi ò jowú rárá," ó ní. "Ẹni tó ní ìyàwó méjì, tí ọkùnrin mìíràn wá háyà yàrá tó wà láàrin wọn, ṣé ẹ máa ní ó ń jowú?"

Èmi kò lè ṣẹ́ tèmi bẹ́ẹ̀. Ní gbogbo ọ̀nà títí dé Ìwó, owú ló ń jẹ mí, kì í sì í ṣe ti Mòǹgólíà. Owú àwọn tó lè bá ara wọn jà tọkàntọkàn nítorí koríko tí wọn kò lè tẹ̀ láéláé ni. Nílé, a jókòó ní pálọ̀ Tíṣà Gàníyù bí ẹni dúró de ọkọ̀. Kò sí fíìmù kan tí ẹnikẹ́ni nínú wa kà sí tirẹ̀. Ohun tó tú wa ká nìyẹn. Ìgbà tí mo dé ilé, tí mo bọ́ bàtà, ni mo tó mọ̀ ọ́n.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni Alhaja pè mí pé ìgbìmọ̀ ti sọ̀rọ̀. Mòǹgólíà kò ní í ní baálẹ̀. Rìsíkátù ni yóò kọ́kọ́ ru àgọ́ rẹ̀, ìyẹn ìtọ́jú fíìmù ilẹ̀ náà, ìjókòó iwájú sì di tirẹ̀ láti Sátidé yìí lọ. Tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ ní Olódì, yóò tú okùn àgọ́, yóò sì gbé e fún ẹni tó bá wù ú. Brọ̀dá Múfú lè tọrọ rẹ̀ bí ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n tòun ti míńírà.

Mo bèèrè bóyá àgọ́ náà lè rìn dé Ìwó.

"Ṣé koríko wà níbẹ̀?" ni Alhaja bi mí.

Mo ní ó wà. Ó ní kí n lọ bá Tíṣà Gàníyù tún pálọ̀ rẹ̀ ṣe, kí n sì fúnra mi wá sọ fún Rìsíkátù, nítorí òun nìkan ló lè sọ ibi tí àgọ́ náà ń lọ, kò sì ní í sọ ọ́ kí òjò tó rọ̀.