Ẹja Oníke Àǹtí Ràfíátù

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé wọn kì í rán mi kọjá títì, àgbàlá ilé wa ní Ẹdẹ ni gbogbo ayé mi. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ilẹ̀ àgbàlá náà, ó ga níwájú, ó lọ sílẹ̀ lẹ́yìn. Ilé bíríkì tí bàbá mi kọ́ wà lókè. Nísàlẹ̀ ni ilé alámọ̀ tí Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ń gbé, tí ó kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò ní kó kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn ilé náà ni odò kékeré kan wà, tó máa ń gbẹ tán pátápátá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí àwa ọmọdé á sì sọ ibẹ̀ di pápá ìṣeré, tí a ó máa ta súwé lórí iyanrìn rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí bí ayé ṣe rí nígbà náà. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, èmi ni mo ń gbálẹ̀ àgbàlá, bí mo bá sì gbá a tí ojú ọwọ̀ kò hàn lórí erùpẹ̀ dáadáa, ìyá mi á ní kí n tún un gbá. Lẹ́yìn náà ni kókó gbígbóná àti àkàrà tí epo rẹ̀ ṣì ń hó. Ìyá mi á wá gbé igbá gàrí rẹ̀, á wọkọ̀ lọ sí ọjà Sẹ́kọ̀nà, èmi á sì gba ilé ìwé lọ. Ní ìrọ̀lẹ́, ilé kéú ló kàn. Tí Álífáà bá ká mi mọ́ ibi tí mo ti ń tòògbé lórí wàláà, ìkúnlẹ̀ ni, ọwọ́ méjèèjì á wà lókè títí apá á fi máa gbọ̀n.

Àǹtí Ràfíátù, àbúrò bàbá mi obìnrin, ló wá da ètò ilé náà rú. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n ti kọ́ ọ ní iṣẹ́ ọnà. Gbogbo wa ń retí kó ríṣẹ́ tíṣà, tàbí kó mú ọkọ wálé. Ohun tó mú wálé ni àpò ìdọ̀họ tó kún fún ike. Ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni o, èyí tí àwọn èèyàn ti mu tán tí wọ́n sì jù sínú gọ́tà! Ó ní òun fẹ́ fi wọ́n ṣe ẹja.

Àwa ọmọdé la bá a fọ̀ wọ́n. Mo ṣì ń gbọ́ òórùn wọn títí dòní, òórùn ṣúgà tó ti kan, pẹ̀lú ẹrẹ̀ àti ọṣẹ. Èèrà á máa jáde lọ́rùn ike, a ó máa pariwo, a ó máa sá. Àǹtí kì í jẹ́ kí a ju ìdérí nù, torí pé ó fẹ́ kí gbogbo ike náà wà ní dídé pinpin kí omi òjò má baà máa wọ inú wọn. Bàbá Délé, wẹ́dà tó jẹ́ aládùúgbò wa, ló bá a jó irin pọ̀ tó dà bí egungun ẹja, ó sì gùn ju mọ́tò lọ. Àǹtí á so àwọn ike mọ́ ara wọn kó tó fi okùn so wọ́n mọ́ ara egungun yìí, àwọn aláwọ̀ ewé lẹ́yìn, àwọn tó funfun lábẹ́ ikùn. Ìdérí ìkòkò ló fi ṣe ojú rẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ sálúbàtà tó ti gbó ló gé ṣe lẹbẹ. Òòyà ìyàrun ló tò sí i lẹ́nu ṣe eyín, òòyà tí gbogbo obìnrin àdúgbò ti lò tì. Bí oòrùn ọ̀sán bá ta sí ara ẹja yìí, ńṣe ni ògiri ilé wa á máa kọ mànà.

Inú bàbá mi kò dùn. Ó máa ń dúró síwájú ẹja náà, á ká ọwọ́ sẹ́yìn.

"Ràfíátù, ilé Mùsùlùmí nìyí. Ère ni ìwọ ń gbẹ́ sí wa láàárín ilé yìí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹja ni. Kò sẹ́ni tó máa forí balẹ̀ fún un."

Ti Ìyá Àgbà tilẹ̀ yàtọ̀. Ohun tó ń bí òun nínú ni pé ẹja náà kò ṣeé jẹ. "Gbogbo wàhálà yìí," á máa sọ láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀, "ẹ ò sì rí i sè!"

Nígbà tó yá, bàbá mi sọ ọ̀rọ̀ kan tó mú kí oúnjẹ alẹ́ korò lẹ́nu gbogbo wa. Ó ní tí òṣù bá fi lè lé bá nǹkan yẹn lágbàlá òun, òun máa ti iná bọ̀ ọ́. Àǹtí kó abọ́ kúrò nílẹ̀.

Ó kù díẹ̀ kí òṣù náà lé ni obìnrin kan dé láti Èkó. Ó ní ilé kan níbẹ̀ tí wọ́n ti ń ṣe àfihàn iṣẹ́ ọnà, ẹnì kan ló júwe ilé wa fún un. Ó yí ẹja náà ká. Ó fọwọ́ kan eyín rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ sì tún le padà. Lẹ́yìn náà ló ní òun á rán ọkọ̀ wá gbé e ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí àwọn èèyàn láti oríṣiríṣi ìlú lè wá wò ó. Àǹtí Ràfíátù wọ yàrá, ó tilẹ̀kùn, a sì gbọ́ tó ń sunkún ayọ̀. Bàbá mi kò sọ̀rọ̀ iná mọ́. Ó ní Àbámẹ́ta kò kúkú jìnnà.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú rẹ̀ ni òjò náà rọ̀. Kò bẹ̀rẹ̀ bí òjò tó fẹ́ pa èèyàn. Ó kàn ń rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láti àárọ̀, wọ́n sì tètè dá wa sílẹ̀ nílé ìwé. Ìyá mi ti lọ sí Sẹ́kọ̀nà, bàbá mi ti lọ kírun Jímọ̀. Àǹtí ní kí n gbé ẹ̀kọ àti ọbẹ̀ lọ fún Ìyá Àgbà, torí arọmọléegun kò jẹ́ kó lè gun òkè wá mọ́. Mo pọn Sàlíù àbúrò mi, tí kò tíì ju ọmọ ìrìnsẹ̀ lọ, mo da ọ̀rá borí, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ.

Ìyá Àgbà ò tíì jẹun tán tí omi fi gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí. Ó ní kí n fi ọwọ̀ gbá a jáde. Mo gbá a, ó tún wọlé. Òjò orí páànù wá yí ohùn padà, a ò gbọ́ ara wa mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo gbọ́ ìró kan láti ẹ̀yìn ilé, bí ìgbà tí ọkọ̀ tipa bá da òkúta sílẹ̀. Ẹ̀yìn náà la wá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀rá àti ike tí àwọn ará àdúgbò ń jù sódò ti dí abẹ́ afárá tó wà lórí odò náà pa, omi kò rí ọ̀nà lọ, ló bá yà sí àgbàlá wa.

Kí n tó ṣẹ́jú, omi ti dé orúnkún mi. Ẹní léfòó, búútà tí Ìyá Àgbà fi ń ṣe àlùwàlá léfòó, ẹ̀kọ tó kù nínú abọ́ náà léfòó. Mo ti ilẹ̀kùn, kò ṣí, torí ìta ni wọ́n ń tì í sí, omi ìta sì ti fẹ̀yìn tì í. Ìyá Àgbà fà mí gun orí ibùsùn. Ó tú gèlè rẹ̀, ó fi tún Sàlíù dè mọ́ mi lẹ́yìn, ó dè é le tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń mí pẹ̀lú ìnira.

"Má wo omi," ó sọ fún mi. "Ojú mi ni kí o máa wò."

Mo ń wo ojú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì ń ṣàdúà láìdákẹ́. Ṣùgbọ́n etí mi ń gbọ́ amọ̀ ara ògiri tó ń já bọ́ sínú omi, ní ìṣù-ìṣù.

Fèrèsé ilé náà kọjú sí apá òkè àgbàlá. Láti ibẹ̀ ni mo ti rí Àǹtí Ràfíátù àti Bàbá Délé nínú òjò. Omi pupa ti gba àárín àwa àtàwọn, ó ń sáré lọ, ó ń gbé igi lọ. Bàbá Délé bọ́ sínú rẹ̀, ó dé e láyà, ó ṣubú, ó rá pálá jáde. Kò sẹ́ni tó mọ odò wẹ̀ nínú wọn.

"Ìyá, ẹ má jáde o!" Àǹtí ń ké. "Ẹ dúró síbẹ̀!"

Ó sáré padà sídìí ẹja rẹ̀, ó sì yọ ọ̀bẹ. Mo kọ́kọ́ rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Ńṣe ló ń gé okùn tó fi so ike mọ́ irin, ó ń fa ara ẹja náà ya kúrò lórí egungun rẹ̀.

"Ràfíátù!" Bàbá Délé pariwo. "Ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀ wá gbé e!"

"Irin á rì, Bàbá Délé! Ẹ bá mi fà á, ìyá mi ló wà níbẹ̀ yẹn!"

Wọ́n so okùn kànga mọ́ ọrùn ẹja náà, Bàbá Délé sì lọ́ ìdí okùn mọ́ igi àgbálùmọ̀ tó wà lókè àgbàlá. Àǹtí dojú bolẹ̀ lórí ẹja, ó bọ́ sómi. Omi gbá a lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó kọjá fèrèsé wa, mo ké. Bàbá Délé fa okùn, ẹja náà yípo padà, Àǹtí sì na ọwọ́ gbá igi fèrèsé mú.

"Ẹ gbé wọn fún mi!"

Ìyá Àgbà tì mí jáde. Ara ẹja náà ń yọ̀, ó ń mì lábẹ́ mi. Àǹtí ní kí n di eyín rẹ̀ mú, ni mo bá di òòyà mú. Mo wẹ̀yìn, Ìyá Àgbà kò tẹ̀lé wa.

"Ẹ kó àwọn ọmọ lọ," ó ní. "Èmi ti dàgbà."

"Ìyá, mò ń padà bọ̀. Ẹ má kúrò lójú fèrèsé. Ẹ dá mi lóhùn!"

"Mo gbọ́."

Bí wọ́n ṣe fà wá gúnlẹ̀ ni bàbá mi já wọ àgbàlá láti mọ́ṣáláṣí, jalabíà rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ó wo ilé ìyá rẹ̀, ó gba okùn mú. Àǹtí tún ti wà lójú omi. Ike ti ń já kúrò lára ẹja náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fò lọ lórí omi. Èmi dúró lábẹ́ àgbálùmọ̀, Sàlíù ń ké létí mi. Mo rí i tí Àǹtí dé fèrèsé. Mo rí ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà tó kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà aṣọ rẹ̀. Ẹsẹ̀ tó ń dùn ún há, Àǹtí ń fà á. Lókè orí wọn, ògiri ti là.

"Ẹ jábọ́, Ìyá! Ẹ jábọ́ lé mi!"

Ìyá Àgbà já bọ́ sórí ẹja. Ògiri wó. Omi ru sókè, ẹja náà kán sí méjì, n kò sì rí ẹnikẹ́ni mọ́.

Bàbá mi kò dẹ okùn náà. Òun àti Bàbá Délé ń fà, ẹsẹ̀ wọn ń yọ̀ nínú ẹrẹ̀, bàbá mi sì ń ké orúkọ àbúrò rẹ̀ bí ọmọdé. Orí ẹja ló kọ́kọ́ yọ. Ọwọ́ kan wà lọ́rùn rẹ̀. Lẹ́yìn ọwọ́ yẹn ni Àǹtí, lábíyá Àǹtí sì ni Ìyá Àgbà, tí aṣọ ti bọ́ lára rẹ̀, tó ń pọ omi pupa lẹ́nu. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí bẹ̀ǹṣì. Ó wúkọ́ títí, ó lajú, ó wò wá yíká.

"Búútà mi ńkọ́?" ló kọ́kọ́ bi wá.

Ọkọ̀ láti Èkó dé ní Àbámẹ́ta lóòótọ́, obìnrin náà sì bá a wá. Egungun irin àti orí ẹja tó kún fún ẹrẹ̀ ló bá nílẹ̀. Ó bi Àǹtí bóyá ó lè tún òmíràn ṣe kí àfihàn náà tó bẹ̀rẹ̀, Àǹtí mi orí pé rárá. Ọkọ̀ náà padà lófìfo. Àǹtí mú ọwọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ẹrẹ̀ àgbàlá. Nígbà náà ni bàbá mi lọ bá a.

"Ẹ ṣé," ó ní.

Mo rò pé etí mi ló tàn mí. Ẹ̀gbọ́n tó ti ń lo "ìwọ" fún un látìgbà tí wọ́n ti bí i ni. Àǹtí gbé ọwọ̀ sílẹ̀, ó sì bú sẹ́kún.

Ó pẹ́ kó tó tún fọwọ́ kan ike. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Ìyá Àgbà, tó ti ń gbé ilé bíríkì pẹ̀lú wa, ti ibi ìkómọ kan dé, ó tú ìdì aṣọ kan, ó sì kó ike òfìfo jáde síwájú Àǹtí. Kò sọ pé ẹja náà dára o. Títí tó fi kú, ohun tó ń sọ ni pé òróró ló yẹ kí ẹja gidi ní lára, kì í ṣe ike.

Ayé ti yí padà. Àǹtí ti dàgbà, Òṣogbo ló ń gbé báyìí, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé bí wọ́n ṣe ń fi pàǹtí ṣọnà, àwọn òbí tó jẹ́ pé tẹ́lẹ̀ wọn ì bá ti na ọmọ wọn tó bá kó ike wálé ló ń fi fóònù ya iṣẹ́ rẹ̀ báyìí. Ilé alámọ̀ kò pọ̀ ní àdúgbò wa mọ́. Nígbà tiwa, ọmọdé ló ń sá wọlé fún òjò. Lóde òní, èmi ìyá ọmọ ni mo ń sáré. Bí mo bá ti rí i tí ojú ọ̀run ṣú lápá ìlú Àwó, mo ti dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé àwọn ọmọ mi nìyẹn, mo ní kí olùkọ́ dárí jì mí, kó kó wọn fún mi. Ojú a máa ti àwọn ọmọ mi lọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ wọn.

"Mọ́mì, òjò lásán ni," wọ́n á wí.

N kì í jiyàn. Mo kàn ń di ọwọ́ wọn mú, a ó sì gba ọ̀nà òkè lọ sílé.