Ọ̀gá Sójà Tí Kò Dúnàádúrà

Eyín iwájú mi ti ká nígbà náà, tuntun kò sì tíì hù. Ìdí nìyẹn tí mo fi mọ̀ pé mo kéré gan-an nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi, ẹ gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná. Mo ti sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mi títí ó fi sú wọn, wọ́n ní màmá tún ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe dàgbà tó yìí, kò tíì sú èmi.

Ìsọlọ̀ ni à ń gbé, nínú yàrá kan ṣoṣo, ní ilé tí àwọn ayálégbé kún bámúbámú. Púlọ́ńbà ni bàbá mi. Tí páìpù bá bẹ́ ní ilé ẹnikẹ́ni ládùúgbò, òun ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ sí, ọwọ́ rẹ̀ sì dá múṣémúṣé nídìí iṣẹ́ náà. Àbùkù rẹ̀ kan ni pé kì í ṣírò. Ojú ló fi ń díye lé iṣẹ́. Yóò wo ògiri, yóò wo balùwẹ̀, yóò wo bàtà ẹni tó ni ilé, lẹ́yìn náà ni yóò pe iye kan. Ìyá mi, tó ń ránṣọ lẹ́nu ọ̀nà wa, máa ń bi í pé, "Bàbá ọmọ mi, ọkọ̀ tí ẹ wọ̀ ńkọ́? Oúnjẹ àwọn ọmọ iṣẹ́ yín ńkọ́?" Yóò ní, "Gbogbo ẹ̀ ti wà nínú ẹ̀." Inú kí ni? Kò sẹ́ni tó mọ̀.

Lọ́jọ́ kan, ó ti Apakún dé, ó ń kọrin. Ọ̀gá sójà kan tó kọ́lé sí ẹ̀bá ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú ló gbéṣẹ́ fún un, pé kí ó fa omi wọ gbogbo ilé náà. Ọ̀gá bi í pé èló ni owó iṣẹ́. Bàbá mi pe iye tó wá sí i lọ́kàn, ọkùnrin náà sì ka owó lé e lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀. Bí bàbá mi ṣe ń ròyìn rẹ̀ ló ń rẹ́rìn-ín. Ìyá mi gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣínì.

"Kò ná an?"

"Kò yọ kọ́bọ̀ kúrò níbẹ̀."

"Sójà? Nínú Èkó yìí? Há! Ẹ̀rù ń bà mí o."

Bàbá mi ní kí ó jọ̀ọ́ jẹ́ kí òun jẹun. Èmi náà rò pé ìyá mi kàn fẹ́ ba inú dídùn wa jẹ́ ni, mo tiẹ̀ bínú sí i. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò. À ń ná bàtà, à ń ná ata, owó ọkọ̀ pàápàá à ń ná an. Ẹni tó bá gba iye tí wọ́n pè fún un láìjanpata, nǹkan mìíràn ló gbọ́.

Nǹkan mìíràn náà sì ni ọ̀gá sójà gbọ́. Lẹ́nu bàbá mi, owó iṣẹ́ ni owó agbára rẹ̀ nìkan. Ẹni tó ni ilé ni yóò ra ọjà. Létí ọ̀gá, owó iṣẹ́ ni owó gbogbo iṣẹ́ náà pátá, láti orí páìpù títí dé ẹnu ẹ̀rọ tí omi máa ti yọ. Kò sí èyí tó purọ́ nínú àwọn méjèèjì.

Bàbá mi fi owó náà san owó ilé tí onílé ti ń yọ wá lẹ́nu lé lórí, ó fún àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ní díẹ̀ nínú tiwọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ògiri. Ó ti gbẹ́ ojú páìpù yíká ilé kí ó tó lọ sọ fún ọ̀gá pé ọjà ló kù tí wọ́n máa rà. Ọ̀gá ní, "Ọjà wo? Ṣé mi ò ti sanwó iṣẹ́ fún ọ ni?" Bàbá mi rò pé àwàdà ni, ó sì rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ gan-an ni nǹkan ti bàjẹ́. Ọkùnrin náà ní ìyàwó òun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ń bọ̀ láti Kàdúná lópin ọ̀sẹ̀. Ó ní tí omi kò bá yọ nínú ilé náà kó tó dé, bárékè ni bàbá mi máa sùn, òun ò sì lè sọ ọjọ́ tó máa jáde.

Ìjọba ológun là ń lò nígbà náà. Ẹ̀yin ò mọ̀ ọ́n, ẹ má sì bẹ Ọlọ́run kí ẹ mọ̀ ọ́n. Tí sójà bá ní òun máa tì ọ́ mọ́lé, kò síbi tí o máa fẹjọ́ sùn sí. Ta ló máa yá bàbá mi ní owó táńkì àti páìpù odindi ilé? Kò jẹun mọ́. Á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, á kọjú sí ògiri. Tí mọ́tò bá ti yà wọ àdúgbò wa báyìí, màá sáré wọ abẹ́ tábìlì ìyá mi, màá fi ọwọ́ méjèèjì di etí. Àwọn ará ilé wa pàápàá kò yà kí wa mọ́. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé kí wọ́n má lọ kó wọn mọ́ wa.

Mọ́tò náà wá dé lọ́sàn-án gangan. Dírébà tó wọ aṣọ sójà ló sọ̀ kalẹ̀, ó ní ọ̀gá ní kí púlọ́ńbà máa bọ̀. Bàbá mi ki bàtà ọ̀tún bọ ẹsẹ̀ òsì. Mo rọ̀ mọ́ ṣòkòtò rẹ̀, mo ń ké, ìtọ̀ sì bọ́ lára mi níbẹ̀. Ìyá mi yọ tẹ́ẹ̀pù ìwọnṣọ kúrò lọ́rùn, ó ti ilẹ̀kùn, ó ní gbogbo wa la jọ ń lọ.

Ọ̀gá kò pariwo nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù jù. Ó jókòó nínú pálọ̀ pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì, ó ní, "Púlọ́ńbà, jẹ́ kí n gbà pé o ò fẹ́ lù mí ní jìbìtì. Èló ni ọjà náà máa jẹ́?"

"Sà, ó máa tó... kò lè ju... sà, ẹ ṣáà jẹ́ kí n..."

Ó ń họ orí. Kò mọ̀ ọ́n! Gbogbo ọdún tó ti ń ṣe púlọ́ńbà, kò mọ iye tí iṣẹ́ kan ń jẹ. Ẹ̀rù sójà ti ń bà mí tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó bà mí nígbà tí mo rí ojú bàbá mi lọ́jọ́ náà, ó yàtọ̀.

Ìyá mi kúnlẹ̀, ó bẹ ọ̀gá, ó wá kọjú sí ọkọ rẹ̀. "Láti ìdí táńkì dé balùwẹ̀, ọ̀pá páìpù mélòó?" Ìyẹn, ó mọ̀ ọ́n. "Ibi tó ti máa tẹ̀ ńkọ́? Ẹnu ẹ̀rọ ńkọ́?" Gbogbo rẹ̀ ló mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò kàn rò wọ́n pọ̀ rí ni. Wọ́n jọ ń ka ìka níwájú sójà títí iye rẹ̀ fi jáde. Ìyá mi wá fi owó ọkọ̀ àti oúnjẹ àwọn ọmọ iṣẹ́ sí i, ó tún un kà lẹ́ẹ̀kejì, ó sì wo ojú ọkọ rẹ̀. Mo ti dàgbà kó tó sọ ohun tó rí fún mi. Owó tí bàbá mi pè ní owó iṣẹ́ kò tó owó ọkọ̀ àti ẹ̀tọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́. Ọ̀fẹ́ ló ti ń fa omi fún àwọn èèyàn, ó sì ń fi oúnjẹ tiwa kún un.

Ọ̀gá wọlé lọ mú owó jáde. "Màá san án. Tí ẹ bá wá gbé e sá lọ ńkọ́?" Ó wá tẹjú mọ́ mi. "Ẹ fi eléyìí sílẹ̀ ní ìwọ̀fà."

Ìyá mi ní, "Ẹ jẹ́ kí èmi dúró, sà. Ẹ dákun."

"Rárá. Òun ló mọ ọjà, ìwọ lo mọ owó kà. Ẹ jọ máa lọ."

Wọ́n lọ. Òṣòdì ni wọ́n ti fẹ́ ra ọjà, èmi sì jókòó sórí ilẹ̀ pálọ̀ ẹni ẹlẹ́ni pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé tó ti tutù lára mi. Ọ̀gá fún mi ní bisikíìtì, mi ò gbà á. Ó ń ka ìwé ìròyìn, èmi ń wo géètì. Mo rò pé wọn ò ní padà. Mo rò pé owó náà máa pọ̀ lójú wọn ju èmi lọ, ẹ má dá mi lẹ́bi, ọmọdé ni mí. Nígbà tí ọkọ̀ tó kó páìpù fi yọ, mi ò lè dìde, ẹsẹ̀ mi ti kú tipiri.

Bàbá mi ṣiṣẹ́ náà parí kí ìyàwó ọ̀gá tó dé. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ẹ̀rọ. Ó kọ́kọ́ wú ikọ́ gbígbẹ kí omi tó tú jáde. Ọ̀gá gbá bàbá mi léjìká. Ó ní, "Eré ni mo ń bá yín ṣe lórí ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn o." Bàbá mi bá a rẹ́rìn-ín. Ó dùn mí títí dòní pé ó rẹ́rìn-ín.

Kò pe owó iṣẹ́ mọ́ láyé rẹ̀. Á ní, "Owó ọwọ́ mi rèé, owó ọjà rèé, owó ọkọ̀ rèé," á sì ní kí oníbàárà fi ẹnu ara rẹ̀ tún un sọ.

Ayé ti yí padà. Ọmọ mi ọkùnrin ló ń ṣiṣẹ́ náà báyìí. Orí fóònù ló ti ń ṣírò, orí ẹ̀ náà ni owó ti ń wọlé, sójà kankan kò sì lè dédé gbé e lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín, ó ní oníbàárà òun tuntun kan gba iye tí òun pè láìdúnàádúrà rárá. Ó ní kí n bá òun yọ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wà lórí ẹsẹ̀ mi, eyín iwájú òun náà ti ká. Mi ò mọ̀ pé mo ti ń fún un mọ́ra, àfi ìgbà tó ké pé, "Màmá àgbà, ẹ ń ṣe mí léṣe."

Mo ní kí bàbá rẹ̀ má tíì jókòó o. Mo ní, "Padà lọ. Lọ bi oníbàárà yẹn pé kí ló gbọ́."