Oògùn Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Fẹ́ Kọ̀

Ìlú Faransé ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà tí jẹjẹrẹ inú mùdùnmúdùn egungun fi mú un. Oríṣiríṣi oògùn kọ́kọ́ ràn án lọ́wọ́, nígbà tó yá wọn ò ṣiṣẹ́ mọ́. Àwọn dókítà wá fa àwọn sẹ́ẹ̀lì kan jáde nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n fi wọ́n ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti máa tún wọn ṣe kí wọ́n lè máa dá àrùn náà mọ̀, kí wọ́n sì máa pa á. Wọ́n ní yóò pẹ́ díẹ̀ kí àwọn sẹ́ẹ̀lì náà tó padà dé.

Olùkọ́ ni mí ní Atakpamé. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, mo gun alùpùpù lọ sọ́dọ̀ ìyá wa ní Agbonou, a sì pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù. Ó ní wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún òun ní oògùn mìíràn, wọ́n sì ń fi ìtànṣán tó ń pa jẹjẹrẹ sun ẹ̀yìn òun níbi tí egungun ti ń dun òun. Oúnjẹ ò dùn lẹ́nu ẹ̀ mọ́. Ó rò pé níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ti gba sẹ́ẹ̀lì, ó yẹ kí wọ́n jẹ́ kí òun sinmi. Dókítà ti ṣàlàyé fún un pé bí àrùn náà bá gbilẹ̀ kí sẹ́ẹ̀lì tó dé, ara rẹ̀ lè má lè gba àwọn sẹ́ẹ̀lì náà mọ́.

“Ìyá, ó ti rẹ̀ mí,” ló wí. “Ẹ jẹ́ n wálé.”

Èmi ti ń rò ó pé kó máa bọ̀. Ìyá wa gbé ẹ̀gẹ́ tó ń bó sílẹ̀.

“Àìsàn yẹn ò mọ̀ pé o ń dúró de nǹkan, ọmọ mi. Lo oògùn náà. Ilé ò lọ síbì kan.”

Ẹ̀gbọ́n mi sunkún. Ìyá wa ò bẹ̀ ẹ́ kó dákẹ́, ó kàn gbé fóònù mọ́ etí títí ẹkún náà fi tán. Ìyá ò jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Ẹ̀gbọ́n mi lo oògùn náà. Ìrora ẹ̀yìn rẹ̀ rọlẹ̀, ó sì lè jókòó. Nígbà tí wọ́n dá sẹ́ẹ̀lì padà sí i lára, ìjà wọn pẹ̀lú àrùn náà fa ibà tó gbé e ṣánlẹ̀, kò dá ọkọ rẹ̀ tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ mọ̀ fúngbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ wálẹ̀.

Ó wálé nígbà ọyẹ́. Dókítà ò sọ pé àrùn ti tán, ó ní àwọn ò rí i nínú àyẹ̀wò báyìí. Ìyá wa gúnyán, ẹ̀gbọ́n mi ní iyọ̀ ọbẹ̀ náà pọ̀ jù, ni àwọn méjèèjì bá ń jiyàn lé e lórí.