Ẹja tí Mo Ná, tí N Kò Jẹ

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí wọ́n fi ẹja tí mo fi ẹnu ara mi ná dù mí, inú sì ń bí mi títí di òní.

Ọdún tí ogun abẹ́lé parí ni iṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù gbé Bàámi láti Abẹ́òkúta lọ sí Port Harcourt. Borokiri la gbé, nítòsí omi. Bí mo bá fi gẹ̀ẹ́sì ilé ìwé kí àwọn ọmọ àdúgbò, wọn a bú sẹ́rìn-ín, wọn a ní, "See lawyer." Kó tó pé oṣù mẹ́ta, Píjìn ti yọ̀ lẹ́nu mi ju Ẹ̀gbá lọ.

Màámi ò gbọ́ ẹyọ kan nínú rẹ̀, nítorí náà èmi ni wọ́n ń mú lọ ra ẹja létí omi ní gbogbo Sátidé. Bí wọ́n bá já mi léèékánná lẹ́ẹ̀kan, kí n ná an wálẹ̀ sí i ni. Bó bá di ẹ̀ẹ̀mejì, ká máa lọ ni.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí, mo wo ẹja lójú, mo sọ fún ìyá ẹlẹ́ja pé, "Mama, dis one don tire. E no fit reach Monday." Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí, ó gbà fún wa, ó tún bu edé lé e. Màámi fi mí yangàn títí a fi délé.

Bàámi wà ní pálọ̀, wọ́n béèrè bí ọjà ṣe rí. Ariwo ọjà ò tíì kúrò lára mi. Mo dúró ṣánṣán, n ò kúnlẹ̀, mo ní, "Papa, I try well well. The woman no wan gree."

Bàámi ká ìwé ìròyìn, wọ́n gbé e sílẹ̀. "Èmi lò ń bá sọ irú èyí, Bísí? Ẹnu tó sọ ọ́ ò ní jẹ ẹja lónìí."

Nígbà tí oúnjẹ ń jiná, mo wo Màámi ní ilé ìdáná. Màámi ń ro ọbẹ̀ bí ẹni pé nǹkan sọnù sínú rẹ̀. Ẹ̀bà àti omi ọbẹ̀ lásán ni mo jẹ. Àbúrò mi, tí ò lè ná iyọ̀ ní èdè kankan, ni wọ́n gbé orí ẹja fún, ó sì ń fa egungun rẹ̀ mu létí mi. Sátidé tó tẹ̀lé e, Màámi tún gbé apẹ̀rẹ̀, wọ́n ní ọjà yá. Mo sì lọ.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ wá wo ayé òde òní. Àwọn ọmọ mi á wọlé tọ Bàámi, wọn á ní, "Grandpa, how body?" Bàámi á ní, "Body dey inside cloth," wọn á wá mú ẹran inú abọ́ tiwọn fún àwọn ọmọ náà, pé wọ́n já fáfá.

Mo kàwé dé yunifásítì, n ò tíì rí ibi tí wọ́n kọ òfin ọjọ́ yẹn sí. Mo fẹ́ ìdáhùn. Bàámi, ìgbà wo lẹ fagi lé e, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? Màámi, ẹ̀yin tí ẹ mú mi lọ sọ Píjìn, kí ló pa yín lẹ́nu mọ́? Ìpín tèmi ńkọ́? Ta ló jẹ ẹ́?