Ehoro Tó Ní Èjí

Lásìkò ọyẹ́, òkè tó yí Dutse Alhaji tí à ń gbé ká kì í tètè jí. Kùrukùru á bò ó mọ́lẹ̀, èmi náà á sì jókòó síwájú àgò ehoro lẹ́yìn ilé, oorun ò tíì dá lójú mi tán. Ehoro kì í pariwo. Bó bá pẹ́ tí èèyàn ti ń sìn wọ́n, etí rẹ̀ á máa gbọ́ ohun tí kò ní ohùn.

Ehoro ìdíje ni mò ń sìn, irú èyí táwa olùsìn máa ń kó jọ kí adájọ́ wo irun, etí àti ìdúró wọn. Abo àgbà kan wà tí n kò rí irú rẹ̀ rí. Oṣù tó bímọ kẹ́yìn náà ló kú, ó fi akọ méjì sílẹ̀. Àgò kan ṣoṣo ni mo ní fún akọ tí yóò máa gun abo mẹ́rin tí mo rà ní Karu. Èyí tí mo bá fi síbẹ̀ ni yóò gbé ìran ìyá rẹ̀ lọ. Bí mo bá ṣì í yàn, ìran náà bàjẹ́ nìyẹn.

Ọkàn mi kúkú ti yàn tipẹ́. Irun ọ̀kan rọ̀ bí òwú, etí rẹ̀ dúró ṣánṣán. Bó bá gbé ètè sókè láti gbóòórùn koríko, ẹ ó rí àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín eyín iwájú rẹ̀. Èjí! Láàárín wa, ta ló ń rí èjí tí inú rẹ̀ kì í dùn? Òun ni mo kọ́kọ́ rí lẹ́nu ìyá àwọn ọmọ mi kí n tó mọ orúkọ rẹ̀. Mo wá ń ki ehoro náà láràárọ̀: "Eléjí ọmọ, afẹnuṣoge." Ìkejì rẹ̀ ń wò wá. Òun ò ní ohun tí ojú lè dúró lé.

Láàárọ̀ Sátidé kan, Àlááji wá bá mi wò wọ́n. Ará Ìlọrin ni, aṣọ ló ń tà lọ́jà, ó sì ti ń sin ehoro ṣáájú mi. Ó gbé èyí tí mo fẹ́ràn, ó fi àtàǹpàkò ṣí ètè rẹ̀.

"Káì! Àbí o ò wo ẹnu ẹ̀ ni?"

"Mo wò ó, Àlááji. Èjí ni."

"Èjí wo? Eyín òkè ò bá tìsàlẹ̀ pàdé, wọ́n ń yà lọ ni. Eyín ehoro kì í yé hù. Bí ọ̀kan ò bá máa fá ìkejì kúrú, wọ́n á gùn títí kò fi ní lè jẹun mọ́. Àwọn ọmọ ẹ̀ náà lè jogún ẹ̀."

"Ó mà rẹwà, Àlááji."

"Èèyàn là ń yin èjí fún! Ta ni ehoro fẹ́ rẹ́rìn-ín sí?"

Ìyàwó mi bú sẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. "Ẹ bá mi bi wọ́n, sà! Wọn ò ṣí ètè tèmi wò kí wọ́n tó fẹ́ mi."

"Orí yọ ọ́, ìyàwó. Tìẹ ń jẹ eegun dáadáa."

Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Mo gbà á lọ́wọ́ Àlááji, mo ṣí ètè náà fúnra mi. Òótọ́ ni. Ibi tí ẹwà wà gan-an ni àrùn jókòó sí. Bí mo ṣe dúró nínú kùrukùru yẹn, ó dà bíi pé mo rí àwọn ọmọ tí a kò tíì bí, funfun, lọ́wọ̀ọ̀wọ́, koríko tútù níwájú wọn, tí wọn ò lè gé e.

Mo gbé ìkejì sínú àgò náà. Ó yí i ká lẹ́ẹ̀kan, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.

"Èyí ńkọ́?" ni Àlááji wí. "Ọbẹ̀ kẹ̀?"

"Kò ní wọ ìkòkò kankan nílé yìí," ìyàwó mi ló dáhùn, ó sì gbà á láyà mi.

Lónìí, dókítà ẹran ló ń bá wa gé eyín rẹ̀ látìgbàdégbà. Apẹ̀rẹ̀ kan lẹ́bàá ilé ìdáná ló ń gbé, kò ní ìyàwó, kò lọ ìdíje. Bí mo bá ń kọjá, mo máa ń gbọ́ tí ìyàwó mi ń gé kárọ́ọ̀tì fún un ní wínníwínní.

"Jẹun jàre," á ní. "Má dá wọn lóhùn."